Ta Ló Lẹsẹ̀ Tó Wà Lórí Ilẹ̀ Sísán?

Kò sí sísọ́ọ̀sì kankan nínú yàrá tí obìnrin yìí ti ń ṣiṣẹ́, síbẹ̀ Alálùmọ́gàjí ni gbogbo ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gé àwòrán ìròyìn, kó máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ra, kó sì gbé e fún akàròyìn kí aago méje tó lù. Orí kọ̀ǹpútà ló ti ń gé gbogbo rẹ̀. Ọdún kọkànlá rèé tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, nínú yàrá kékeré kan tí kò ní fèrèsé, tí ẹ̀rọ amúlétutù ibẹ̀ sì ń fẹ́ òtútù bíi pé wọ́n fi ṣépè. Súwẹ́tà kì í kúrò lẹ́yìn àga rẹ̀, ìbáà jẹ́ ọjọ́ tí oòrùn ń yan èèyàn níta.

Tí ìròyìn nípa ìyípadà ojú ọjọ́ bá ti dé, ọwọ́ Alálùmọ́gàjí mọ ọ̀nà ju ojú rẹ̀ lọ. Á kọ́kọ́ fa ilẹ̀ sísán jáde: ilẹ̀ gbígbẹ kan tó là kiri bí àwo tó fọ́, tí ẹsẹ̀ kan tí kò wọ bàtà ń kọjá lórí rẹ̀ láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún. Ìṣẹ́jú àáyá méje péré ni. Lẹ́yìn ìyẹn, òkè yìnyín tó ń ya lulẹ̀ sínú òkun. Lẹ́yìn yìnyín, èéfín láti orí ilé iṣẹ́ ńlá kan. Ká tó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́, àwọn ọ̀dọ́ tó gbé páálí sókè tí wọ́n ń pariwo. Ó parí. Akàròyìn á kà á, á sì bọ́ sórí bọ́ọ̀lù.

"Ìṣẹ́jú kan péré o!" ni ọ̀gá yàrá ìròyìn máa ń ké láti ẹnu ọ̀nà. Ohun tó máa ń sọ lórí ìròyìn gbogbo nìyẹn, ìbáà ṣe ti ìdìbò, ìbáà ṣe ti ilé tó wó. Ìdí nìyí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Ọ̀gá Ìṣẹ́jú-Kan. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kàn gbà pé ìka òǹwòran kì í jìnnà sí rìmóòtù, àti pé ẹni tó bá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ gùn, òun àti ògiri ló máa jọ parí rẹ̀.

Ní ọjọ́rú kan, tíṣà tó ń kọ́ni ní jọ́gíráfì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rìnlá wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe ìròyìn. Wọ́n jókòó lórí àga akàròyìn níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n fọwọ́ kan ohun tí wọ́n ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn. Nígbà tí wọ́n dé yàrá Alálùmọ́gàjí, àwọn mẹ́fà péré ni ibẹ̀ gbà. Àwọn yòókù na ọrùn láti ẹnu ọ̀nà.

Ọmọbìnrin kan wà níwájú, ó lè tó ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó wọ awò ojú, ó sì ki ìwé kan sí abíyá.

"Abèèrè la máa ń pe èyí," ni tíṣà wọn sọ, bí ẹni ń tọrọ àforíjì ṣáájú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù fún un."

Abèèrè ṣí ìwé rẹ̀. "Ẹ káàsán, mà. Ogójì ọjọ́ ni gbogbo kíláàsì wa fi wo ìròyìn aago méje yín. A pín in mọ́ ara wa lọ́wọ́. Ẹnì kan ń kọ àwòrán, ẹnì kan ń ka ìṣẹ́jú. Ìgbà mọ́kànlá lẹ sọ̀rọ̀ ìyípadà ojú ọjọ́."

"Ẹ ṣeun o," ni Alálùmọ́gàjí dáhùn. Inú rẹ̀ dùn. Ó pẹ́ tí ẹnì kan ti wo iṣẹ́ rẹ̀ báyẹn.

"Ilẹ̀ sísán yẹn jáde nígbà mẹ́sàn-án nínú mọ́kànlá. Ilẹ̀ kan náà ni, mà. Ẹsẹ̀ kan náà ni. Ọmọńdinrín ẹsẹ̀ yẹn kò ní èékánná." Ọmọ náà gbójú sókè. "A wá fẹ́ bi yín: níbo nilẹ̀ yẹn wà? Ta ló sì lẹsẹ̀?"

Alálùmọ́gàjí yíjú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó tó ìgbà ẹgbẹ̀rún tó ti fọwọ́ fa àwòrán yẹn wá, kò bi ara rẹ̀ rí.

"Ibi tí ọ̀dá ti mú ni," ló wá sọ.

"Ọ̀dá ibo, mà?"

Tíṣà húkọ́. Ṣùgbọ́n Abèèrè kò tí ì tán. "Àti àwa ọ̀dọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹfà lẹ fi wá hàn. Gbogbo ìgbà yẹn la ń pariwo. Ẹni tó sọ̀rọ̀ gùn jù nínú wa sọ ọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Ó ní, 'A ò gbà!' Ẹ wá gé e. Títí di òní a ò mọ ohun tí kò gbà."

Ẹ̀rín sọ láti ẹnu ọ̀nà. Alálùmọ́gàjí náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tiẹ̀ kò dé ikùn. Ó gba nọ́ńbà tíṣà. "Ẹ jẹ́ kí n wádìí," ló sọ. "Mo máa fún yín lésì."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó wá ibi tí àwòrán náà ti wá. Gbogbo àkọsílẹ̀ tó wà lára rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ: *Ilẹ̀ gbígbẹ. Dáadáa.* Déètì rẹ̀ jẹ́ ti ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn, ìyẹn kí òun gan-an tó gba iṣẹ́. Lẹ́tà méjì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí ó jọ àmì orúkọ ẹnì kan. Ó gbé e lọ bá ìyá tó ń gbàlejò nísàlẹ̀, nítorí pé kò sẹ́ni tí ìyá yẹn kò mọ̀.

"Bàbá Oníkámẹ́rà nìyẹn," ni ìyá náà sọ lójú ẹsẹ̀. "Ó ti fẹ̀yìn tì. Ilé wọn kò jìnnà, àjà kẹta."

Ní ọjọ́ Sátidé, Alálùmọ́gàjí gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹta. Bàbá náà jókòó sídìí tábìlì, ó ń fi aṣọ rírọ̀ nu ojú kámẹ́rà àtijọ́ kan bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Alálùmọ́gàjí kí i, ó ṣàlàyé ara rẹ̀, ó sì fi àwòrán náà hàn án lórí fóònù.

Bàbá wò ó. Ó tún wò ó. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń húkọ́, ó wá kọjú sí ọ̀nà ilé ìdáná. "Ìyá àwọn ọmọ! Wá wo ara rẹ o!"

Ìyàwó rẹ̀ jáde pẹ̀lú ọwọ́ tútù. Kò tiẹ̀ wo fóònù náà pẹ́. Ó bọ́ sílípáàsì ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì gbé ẹsẹ̀ náà lé orí àpótí níwájú àlejò. Ọmọńdinrín rẹ̀ kò ní èékánná.

"Ìlẹ̀kùn ló já a nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje," ló sọ. "Ṣé ẹ rí i? Ẹsẹ̀ mi ti di gbajúmọ̀, ojú mi ni kò tí ì dé orí tẹlifíṣọ̀n. Mo sọ fún gbogbo aládùúgbò yìí pé èmi ni, wọ́n ní orí mi ti ń dàrú."

"Mà, ṣé abúlé yín lọ̀dá yẹn ti mú ni?"

"Ọ̀dá wo?" ni ìyá náà bi í. "Agbòjò ni mo gbé dání lọ́jọ́ yẹn."

Bàbá wá ṣàlàyé. Adágún omi tí ìlú ń mu ni ibẹ̀. Ìlẹ̀kùn irin tó ń dá omi dúró nísàlẹ̀ adágún náà bà jẹ́, wọ́n sì ní láti fa gbogbo omi gbẹ kí àwọn oníwẹ́dà lè ráyè wọlé. Ilé iṣẹ́ rán òun pé kí òun lọ ya àwọn oníwẹ́dà. Ọjọ́ ìsinmi ni, ìyàwó òun bá tẹ̀ lé òun. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún ti gbẹ, ó ti sán. Gìgísẹ̀ bàtà obìnrin náà ń há sínú ilẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ló bá bọ́ ọ.

"Ọdún yẹn gan-an, òjò rọ̀ débi pé wọ́n sún iṣẹ́ náà síwájú lẹ́ẹ̀mejì," ni bàbá sọ. Ó wá gbé ìka kan sókè. "Ṣùgbọ́n ẹ má fi kàn mí o. *Ilẹ̀ gbígbẹ* ni mo kọ, ilẹ̀ náà sì gbẹ. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ di ọ̀dá."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, wọ́n fún un ní omi tútù, ó dúpẹ́. Orí àtẹ̀gùn ni ẹ̀rín ti tán lójú rẹ̀. Ìgbà mẹ́sàn-án láàárín ogójì ọjọ́. Ìgbà mélòó wá ni láàárín ọdún mọ́kànlá? Kì í ṣe pé ó mọ̀ọ́mọ̀ purọ́, ó dá a lójú. Ṣùgbọ́n ṣé ẹni tí kò bèèrè yàtọ̀ sí ẹni tó purọ́?

Ó pe tíṣà, tíṣà gbé fóònù fún Abèèrè. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ẹ̀ẹ́n," ni ọmọ náà sọ. "Mà, ọ̀rọ̀ kan wà. Àwa náà ti ṣe fíìmù tiwa. Fóònù la fi ṣe é. Ṣé kí n fi ránṣẹ́?"

Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni fíìmù náà. Iná ló fi bẹ̀rẹ̀, iná ńlá tó ń jó igbó. Orin ọ̀fọ̀ kan ń dún lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn iná, yìnyín. Lẹ́yìn yìnyín, ẹranko kan tó rù kan egungun. Abèèrè fúnra rẹ̀ wá yọjú, omijé ń dà lójú rẹ̀, ó ń ké pé, "Ayé ń parẹ́ lọ! Kí lẹ̀ ń wò?" Kó tó parí, ilẹ̀ sísán jáde, ẹsẹ̀ ìyàwó Bàbá Oníkámẹ́rà sì kọjá lórí rẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún. Inú ìròyìn aago méje ni wọ́n ti gé e.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Alálùmọ́gàjí tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ náà. Ó bá wọn ní kíláàsì lẹ́yìn tí ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà parí, ó jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àga kékeré wọn.

"Iná yẹn," ló ní, "níbo ló ti jó?"

"Orí fóònù la ti rí i, mà."

"Mi ò bi yín ibi tẹ́ ẹ ti rí i. Ibi tó ti jó ni mò ń bèèrè."

Wọ́n ń wo ara wọn.

"Ẹkún yẹn ńkọ́?"

"Àlùbọ́sà ni, mà," ni Abèèrè sọ. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí aṣọ nù ún. "Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí lóòótọ́. Mi ò kàn mọ bí mo ṣe máa fi í hàn ni. Tí ẹ̀rù bá ń bà mí gan-an, ṣe ni mo máa ń dákẹ́. Ta ló máa wo ẹni tó dákẹ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Alálùmọ́gàjí lára. Ó ti wá láti fi han àwọn ọmọ wọ̀nyí pé eégún tí wọ́n ń bú, aṣọ rẹ̀ làwọn náà gbé wọ̀. Ṣùgbọ́n ó wá rí i pé ìṣòro kan náà ló wà nílẹ̀ fún òun pẹ̀lú wọn. Báwo lèèyàn ṣe ń fi ohun tó ń rìn díẹ̀díẹ̀ han ẹni tó ń kánjú?

"Kí lẹ fojú ara yín rí?" ló bi wọ́n. "Kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ wò lórí fóònù o."

Wọ́n rò ó. Ọ̀kan ní oòrùn, òmíràn ní ẹ̀fọn. Kò sẹ́ni tó dá ara rẹ̀ lójú bóyá oòrùn ọdún yìí ju ti èṣí lọ lóòótọ́ tàbí ara wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ìgbà náà ni Abèèrè da awò rẹ̀ padà sójú.

"Adágún yẹn," ló sọ. "Ẹ jẹ́ ká lọ wo bó ṣe rí báyìí."

Bí wọ́n ṣe kóra jọ nìyẹn ní òwúrọ̀ Sátidé: bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́, tíṣà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́, Alálùmọ́gàjí, Bàbá Oníkámẹ́rà tó gbé kámẹ́rà rẹ̀ kọ́rùn bí ọkọ ìyàwó, àti ìyàwó rẹ̀ tó ní wọn ò lè lọ síbi tí ẹsẹ̀ òun ti lókìkí kí wọ́n fi òun sílẹ̀.

Adágún náà kún. Omi tẹ́ lọ rẹrẹ títí dé ẹsẹ̀ òkè, afẹ́fẹ́ ń wé ojú rẹ̀ bí aṣọ. Kò sí ilẹ̀ kankan tó sán. Ojú àwọn ọmọ náà rẹ̀wẹ̀sì, ó dà bíi pé ẹnì kan pè wọ́n síbi ìjà, wọ́n wá dé bá àwọn oníjà níbi tí wọ́n ti ń dì mọ́ra wọn.

"Kí ni kí n yà báyìí?" ni Bàbá Oníkámẹ́rà bèèrè. "Omi ni. Omi kò sì sọ̀rọ̀."

Obìnrin kan jáde láti inú ilé kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri adágún. Ó ga, ó rìn bí ẹni tí kì í kánjú, ó sì wọ bàtà rọ́bà dé orúnkún. Òun ni olùṣọ́ adágún. Àwọn awakọ̀ ojú ọ̀nà yẹn ń pè é ní Ìyá Adágún. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ka nọ́ńbà tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sára òpó tó dúró sínú omi ní gbogbo òwúrọ̀, kó wo bí òjò tó wọ inú agolo bàbà kan ṣe pọ̀ tó, kó sì kọ méjèèjì sílẹ̀.

"Láti ìgbà wo, mà?" ni Abèèrè bi í.

"Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n."

"Lójoojúmọ́?"

"Ṣé omi máa ń gba ìsinmi ni?"

"Níbo làwọn ìwé náà wà?"

Ìyá Adágún wò ó bí ẹni tí wọ́n bi léèrè ibi tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà. "Oṣooṣù ni mò ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì," ló sọ. "Kò sẹ́ni tó bèèrè ìwé gan-an rí. Ẹ wọlé."

Wọ́n tò sórí pákó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, ìwé gígùn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ẹ̀yìn wọn ti ń ṣí. Abèèrè jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ṣí èyí tó pẹ́ jù àti èyí tó tuntun jù sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ó kà á, ó tún kà á. Tíṣà náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Fún nǹkan bí wákàtí kan, kò sí ohun tí wọ́n gbọ́ ju ìró ewé ìwé lọ.

"Òjò àkọ́kọ́ ti ń pẹ́ kó tó dé," ni Abèèrè wá sọ. "Ó ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pẹ́ sí ti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n àpapọ̀ rẹ̀ lọ́dún kò dín kù tó bẹ́ẹ̀. Báwo ló ṣe jẹ́?"

"Wo bó ṣe ń rọ̀," ni Ìyá Adágún dá a lóhùn. "Èyí tó máa ń rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá nígbà yẹn, ọjọ́ méjì ló fi ń rọ̀ ọ́ tán báyìí. Adágún á kún lẹ́ẹ̀kan náà, á sì tún fà lẹ́ẹ̀kan náà. Òjò kò kúrò nílé, ìwà rẹ̀ ló yí padà. Tẹ́lẹ̀, mo mọ ìrìn ẹsẹ̀ òjò bí mo ṣe mọ ti ọkọ mi. Nísinsìnyí, ṣe ló ń já wọlé bí ẹni tí wọ́n ń lé."

Bàbá Oníkámẹ́rà gbé kámẹ́rà sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀. "Nọ́ńbà lèyí náà. Báwo lèèyàn ṣe ń ya nọ́ńbà?"

"Ẹ ya ìka tí ìyá máa fi kà á," ni Abèèrè sọ.

Wọ́n kọ déètì òjò àkọ́kọ́ ọdọọdún sórí ìwé kan ṣoṣo láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìyá Adágún gbé ìka lé e, ó ń kà á sókè, ọdún kan lẹ́yìn òmíràn, ohùn rẹ̀ kò gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀. Àwọn tó yí i ká ń gbọ́ bí òjò ṣe ń sún mọ́ ìdajì oṣù, bó ṣe ń ré e kọjá. Nígbà tó dé ọdún kọkàndínlógún, ìka rẹ̀ dúró.

"Èmi kọ́ ni mo kọ èyí," ló sọ. "Ọdún tí ọkọ mi kú ni. Ọmọbìnrin mi ló ń lọ wo agolo fún mi." Lẹ́yìn náà ìka rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

Bàbá Oníkámẹ́rà kò gbé kámẹ́rà kúrò lórí ìka náà títí tó fi kà á tán.

"Ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀?" ni Ọ̀gá Ìṣẹ́jú-Kan bèèrè lọ́jọ́ Túsìdeè. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá Alálùmọ́gàjí, ó ń fi bírò lu férémù. Abèèrè àti tíṣà rẹ̀ jókòó nínú. "Ìka? Ìka, Alálùmọ́gàjí! Wọ́n á ti yí i sí ibòmíì kí ìyá yìí tó ka ọdún kẹta."

"Ẹ wò ó ná, ọ̀gá."

"Èyí tẹ́ ẹ tún sọ pé ká sọ nípa ilẹ̀ sísán ńkọ́? Pé ọ̀dá kọ́, ibi tí wọ́n ti ń tún irin ṣe ni? Ṣé ẹ mọ ohun tí àwọn tí kò gbà gbọ́ tẹ́lẹ̀ máa fi ìyẹn ṣe? Wọ́n á ní gbogbo rẹ̀ pátá, irọ́ ni."

Ẹ̀rù yẹn wà lọ́kàn Alálùmọ́gàjí náà. Abèèrè ló gbẹ́nu sọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí ẹlòmíì bá kọ́kọ́ sọ ọ́ ńkọ́? Ọmọ iléèwé mẹ́rìnlá ni wá, a fi ogójì ọjọ́ rí i. Kì í ṣe àwa nìkan la lójú."

Ọ̀gá wò ó tó ìgbà díẹ̀. "Ta ló bí ọmọ yìí?" ló bèèrè lọ́wọ́ tíṣà. Ó wá fa àga kan, ó jókòó. Alálùmọ́gàjí tẹ àwòrán náà. Bírò ọ̀gá ń lu orúnkún rẹ̀ bí Ìyá Adágún ṣe ń kà. Ní ọdún kọkàndínlógún, bírò náà dúró. Kò tún lu nǹkan kan mọ́ títí ó fi parí.

"Má gé ibẹ̀," ló sọ.

Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀gá tí kì í gé nǹkan kan. Abèèrè ti kọ ọ̀rọ̀ ìparí ojú ewé mẹ́ta, ó ti kà á sínú kámẹ́rà pẹ̀lú gbogbo ọkàn rẹ̀. Ọ̀gá ní kí wọ́n fi ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá sílẹ̀ nínú rẹ̀.

"Mọ́kànlá sàn ju mẹ́rin lọ," ló sọ, ó sì bá tiẹ̀ lọ.

Alálùmọ́gàjí ló gé e. Inú bí Abèèrè débi pé kò dáhùn ìpè rẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ohun tó kù nínú ojú ewé mẹ́ta náà kò ju èyí lọ: "A ò mọ gbogbo rẹ̀, ìdí nìyí tí a fi ń bèèrè. Tẹ́ ẹ bá ní ìwé tẹ́ ẹ ti ń kọ nǹkan kan sí lójoojúmọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká rí i."

Ìròyìn náà jáde lọ́jọ́ Jímọ̀. Akàròyìn sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ sísán ní gbólóhùn méjì láìfi nǹkan kan pamọ́, ó tọrọ àforíjì. Kó tó délẹ̀, fóònù ti ń dún. Ọkùnrin kan ní ó ti pẹ́ tí òun ti mọ̀ pé òpùrọ́ ni gbogbo wọn. Òmíràn ní kò sí ohun tó ń jẹ́ ìyípadà ojú ọjọ́, ẹsẹ̀ ìyàwó oníkámẹ́rà ni. Àwọn àgbà ilé iṣẹ́ kọ lẹ́tà sí Ọ̀gá Ìṣẹ́jú-Kan pé kó wá ṣàlàyé ara rẹ̀. Ó lọ, ó ṣàlàyé, wọ́n kìlọ̀ fún un. Ó padà dé pẹ̀lú ojú kíkorò.

Ìwé àkọ́kọ́ dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, nínú àpò ìyẹ̀fun tí wọ́n fọ̀ mọ́. Obìnrin kan tó ń ṣe búrẹ́dì ló fi ránṣẹ́. Ó ti fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọ bí yàrá iṣẹ́ rẹ̀ ṣe gbóná tó kó tó tan iná ààrò, nítorí pé bó ṣe gbóná sí ló ń sọ bí ìwúkàrà á ṣe tètè wú tó. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì fi ìwé tirẹ̀ ránṣẹ́: ọjọ́ tí igi iwájú ilé rẹ̀ kọ́kọ́ máa ń yọ òdòdó lọ́dọọdún. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kejì fi máa parí, ìwé mẹ́tàdínlógún ló wà lórí tábìlì Alálùmọ́gàjí, kò ríbi gbé ife omi rẹ̀ lé mọ́.

Abèèrè gbọ́, ìbínú rẹ̀ kò lè dúró níwájú ìwé mẹ́tàdínlógún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ lẹ́yìn iléèwé. Kò sọ ọ̀rọ̀ ohun tí wọ́n gé, Alálùmọ́gàjí náà kò sọ ọ́, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó rí i pé ọmọ náà ń gbọ̀n, ó bọ́ súwẹ́tà rẹ̀ fún un.

Ìwé òṣìṣẹ́ ojú irin kan ló da gbogbo rẹ̀ rú. Ọkùnrin náà ń gbé ní ibùdókọ̀ ojú irin kékeré kan lẹ́yìn òkè, kò jìnnà sí adágún. Ogún ọdún ló ti fi kọ ọjọ́ òjò àkọ́kọ́, nítorí pé ọjọ́ yẹn ló máa ń fi gíríìsì sára irin. Nínú ìwé tirẹ̀, òjò kò pẹ́ dé. Ó tún ń tètè dé ni.

"Yé," ni Alálùmọ́gàjí sọ. "Kí la máa wá fi èyí ṣe? Tí a bá gbé e jáde, wọ́n á ní a tún ti purọ́. Tí a kò bá sì gbé e jáde, a ti purọ́ lóòótọ́."

Ṣùgbọ́n Abèèrè ti fi ìwé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ojú rẹ̀ ń dán bí ẹni tó rí àlejò tó ti ń retí. "Ṣé kò ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì tọ̀nà?"

Wọ́n pe Ìyá Adágún. Ó tẹ́tí sí wọn títí wọ́n fi sọ̀rọ̀ tán.

"Òkè wà láàárín èmi àti ẹni yẹn," ló sọ. "Mi ò mọ ohun tí òjò ń ṣe lẹ́yìn òkè. Mi ò bèèrè rí." Ó wá fi kún un: "Ẹ bi í bóyá òjò tiẹ̀ máa ń ti apá òkun wá. Tèmi máa ń ti òkè wá ni."

Wọ́n pe òṣìṣẹ́ ojú irin náà. Ohùn arúgbó ló dáhùn, irin kan ń ró lẹ́yìn rẹ̀. Abèèrè bi í ní ìbéèrè náà.

"Apá òkun?" ni ọkùnrin náà sọ. "Tẹ́lẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ kọ́. Àfi bí ọdún mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án báyìí. Mo rò pé èmi nìkan ni mo rí i." Ohùn rẹ̀ yí padà. "Ta lẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bèèrè yìí? Ṣé ẹ lè wá? Ọkọ̀ ojú irin máa ń dúró níbí lọ́jọ́ Sátidé, aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀."

"A máa wá, sà," ni Abèèrè sọ, kò tiẹ̀ wo ojú Alálùmọ́gàjí kó tó dáhùn. Alálùmọ́gàjí kò sì bá a jiyàn. Òun náà fẹ́ mọ ohun tí òjò ń ṣe lẹ́yìn òkè.